Ìbéèrè Tí Ìyàwó Wa Kò Lè Dáhùn Lójú Mi

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé dáadáa, Ọ̀kà kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Orí òkè ló kọ́kọ́ ń jí, lẹ́yìn náà òrùlé, lẹ́yìn náà igi káṣù, àwa èèyàn ló ń gbẹ̀yìn. Kùrukùru á ti bo gbogbo àfonífojì mọ́lẹ̀. Téèyàn bá dúró lẹ́yìnkùlé wa, á dà bíi pé ẹnì kan po ògì sí ìsàlẹ̀ ayé tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ṣì ń rú. Ẹni tó ń lọ lójú ọ̀nà kò ní ẹsẹ̀ nírú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí àti èjìká nìkan lèèyàn máa ń rí, tí wọ́n ń léfòó kọjá, tí wọ́n ń kíni pé ẹ kú òtútù.

Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó wa mú ọwọ́ mi, tó gbé e lé ọmú ara rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n sáré. Ìyàwó tí mo ń wí yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ẹni tó kọ́kọ́ dé ilé ni àgbà ilé, èmi ni mo sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Nítorí náà, obìnrin tí mo jẹ́ yìí, èmi ni ọkọ, òun ni ìyàwó. Á kúnlẹ̀ kí mi, èmi náà á sì gbé ohùn sókè bí ẹni tí irùngbọ̀n hù. Kò pe orúkọ mi rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, òun ló máa ń fún wọn lórúkọ. Ọjọ́ tó dé ló wò mí látòkè délẹ̀, tó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lòun ó máa pè mí. Òótọ́ ni, mo tín-ín-rín nígbà náà bí igi ẹ̀fọ́. Lónìí, tí mo bá fẹ́ wọ tákísì, awakọ̀ á kọ́kọ́ wo táyà rẹ̀ kó tó wo ojú mi. Síbẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni. Orúkọ tí ìyàwó sọni kì í gbọ́ pé èèyàn ti sanra.

Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè wa. Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń gun òkè lọ sí Ọ̀kà lọ wo ìyá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá ìyàwó wa ni mo sì máa ń sùn, torí ẹ̀gbọ́n mi ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta. Ibẹ̀ la wà láàárọ̀ yẹn.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ fọwọ́ kan ibí."

"Ìyàwó, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Irú eré wo lèyí?"

"Mi ò ṣeré, ọkọ mi. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan wà níbẹ̀, lápá òsì, lábẹ́ awọ. Ó le, ó sì dúró sójú kan bíi kóró àgbálùmọ̀.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí rárá. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí."

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Kí ẹ̀gúsí tuntun tó dé ọjà." Ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ ló ń tà ní Ìkàrẹ́, gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ ló sì máa ń fi ọjà wọ̀n. "Fóònù ni, mo mọ̀. Inú kọ́mú ni mo máa ń kì í sí tí mo bá ń wọn ọjà. Apá òsì náà sì ni."

"Fóònù ló wá bímọ síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lọ díẹ̀, ó sì kọsẹ̀. Àkùkọ kan kọ nínú kùrukùru níta, ohùn rẹ̀ jìnnà bíi pé ìlú mìíràn ló ti ń kọ, níbi tí kò sẹ́ni tí nǹkan kan ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé la sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà ìkánjú. Ó ń yí bí ìgbàjá, òkúta ńláńlá á yọrí lápá kan, wọ́n á tún wọlé lọ, kùrukùru á gba iwájú ọkọ̀ kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó wa fi orí ti èjìká mi. N kò mọ̀ bóyá ó ń sùn. Èmi ń ronú nípa ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, bí ó ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé wa pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀, àti bí mo ṣe jókòó ka ọ̀pọ̀ ìgbà tó mí kanlẹ̀. Àbí ìgbéyàwó ẹlòmíràn ni mo ń rántí? Ọyẹ́ a máa po ìrántí pọ̀ mọ́ra wọn.

Ní ilé ìwòsàn tá a lọ, àwọn obìnrin ti kún orí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ hijáàbù funfun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó ṣe é, mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó rí ibi jókòó sí.

"Ẹ̀yin màmá," ó ní, "ta ló gbà pé fóònù inú kọ́mú ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú? Ẹ nawọ́."

Ọwọ́ lọ sókè. Tìyàwó wa wà níbẹ̀.

"Ta ló ní kọ́mú dúdú ni?"

Ọwọ́ mìíràn lọ sókè.

"Ta ló ní ọwọ́ ayé ni?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì nawọ́, àfi ìyá arúgbó kan tó ń sùn. Ẹni tó jókòó tì í bá a na tirẹ̀.

"Háà! Ó mà ṣe o. Fóònù kọ́. Kọ́mú kọ́, ìbáà dúdú, ìbáà pupa, ìbáà ní òdòdó. Ọgbẹ́ tẹ́ ẹ gbà nígbà tí màlúù kàn yín kọ́. Kì í ràn, ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú àwo kan náà."

"Kí ló wá ń fà á?" obìnrin kan bèèrè, bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni pé èèyàn jẹ́ obìnrin. Tẹ́ ẹ bá rọ́gbọ́n dá sí ìyẹn, ẹ wá sọ fún mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí i. Ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tí tirẹ̀ sì pẹ́ kó tó dá dúró. Ẹni tí kò bímọ. Gbogbo ìyẹn ò sí lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọtí wà lọ́wọ́ yín."

"Ẹmu ńkọ́?" Ìyá arúgbó tó ń sùn ti jí.

"Ẹmu náà, ọtí ni, màmá."

Ìyá náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Kí ara sanra jù, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti lọ, kéèyàn wá máa jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀kùn nìyẹn náà."

Mo rọra gbé báàgì mi lé ikùn. Ìyàwó wa já mi léèékánná. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó sọ sí mi létí, "kò bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí."

"Ṣùgbọ́n o," nọ́ọ̀sì ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "pé ilẹ̀kùn ṣí kò ní kí àlejò wọlé. Ẹlòmíràn wà tí tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí kò rí nǹkan kan títí tó fi darúgbó. Ẹlòmíràn ti tirẹ̀ pa, ó sì bá a nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kẹ́ ẹ máa yẹ ara yín wò. Ọ̀pọ̀ kókó inú ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè mọ èyí tó jẹ́ ẹ."

Nígbà tó kàn wá, ó mú wa wọ yàrá kékeré kan. Ó fọwọ́ yẹ ìyàwó wa wò, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní a ní láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ló bèèrè.

"Màmá, ǹjẹ́ ẹnì kan ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí nínú ẹbí yín? Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, tàbí lápá bàbá yín?"

Ìyàwó wa wò mí. Kò pẹ́. Ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀.

"Kò sí," ó ní.

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Ó ti kú tipẹ́. Ibà ni."

Nọ́ọ̀sì wo èmi náà. Ọmọ náà gbọ́n. "Ẹ̀yin màmá yìí, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ dúró níta díẹ̀?"

"Rárá o!" Ìyàwó wa di aṣọ mi mú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ọkọ mi ni wọ́n."

Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Ìyàwó tó bá ní kí ọkọ òun jáde ti sọ pé nǹkan kan wà tí ọkọ ò gbọdọ̀ gbọ́. Mo jókòó. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ní ọmọbìnrin. Ó ní méjì.

"Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé, tó bá jẹ́ pé ìyá yín ní in, pàápàá nígbà tí wọn ò tíì dàgbà púpọ̀, àwọn ọmọ yín méjèèjì ní láti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n máa ní in. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ní in gan-an, kò sẹ́ni tó ní in rí nílé wọn. Ṣùgbọ́n ohun tá a ò bá mọ̀, a ò lè ṣọ́ ọ."

"Kò sí," ìyàwó wa tún sọ. Ó ti fi ìka tú etí gèlè rẹ̀ dé ibi tí òwú rẹ̀ fi ń já bọ́.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sókè, oòrùn ti yọ, eruku ọyẹ́ sì sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ búrẹ́dì. Mo di ojú, ìsìnkú kan sì wá bá mi láìpè é. Ìpè ni, ní ìlú tìyàwó wa, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò tíì pẹ́ nílé wa nígbà yẹn, oyún àkọ́bí ló wà nínú rẹ̀. Mo rí àwọn fèrèsé tí wọ́n tì lọ́sàn-án gangan. Mo gbọ́ òórùn lọ́fínńdà, ó pọ̀ bíi pé ẹnì kan da ìgò rẹ̀ sílẹ̀, káńfọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, nǹkan mìíràn sì wà lábẹ́ káńfọ̀. Wọn ò ṣí pósí. Wọ́n ní ibà ni. Àwa tá a wá láti ilé ọkọ jẹ iyán, a kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, a padà sílé. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú ibà tó ń gba gbogbo lọ́fínńdà yẹn.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè máa rò pé kí ló ń dẹ́rù ba obìnrin tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ nílé ọkọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kí ilé kan tó fẹ́ ọmọ ilé kan níhìn-ín, wọ́n á ṣe ìwádìí. Ẹnì kan á lọ sí ìlú ìyàwó bí ẹni tó ń ra nǹkan, á jókòó ti àwọn aládùúgbò, á bèèrè lọ́gbọ́n lọ́gbọ́n: ṣé kò sí wárápá nílé yẹn? Ṣé kò sí wèrè? Ṣé kò sí egbò tí kì í jinná? Ilé tó bá ní irú rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn á jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi hu ewú. Nítorí náà, ilé tó bá ní in á pa á mọ́. Wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n á sin ín pẹ̀lú òkú. Àwọn ọmọ á rí ọkọ fẹ́, wọ́n á sì lọ sílé ọkọ láìmọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Tí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ìyàwó wa ṣe mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti búra láti má sọ ọ́.

Àkókò náà sì tún burú. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ń ránṣọ ní Ìkàrẹ́, ti rí ọmọkùnrin kan láti Ògbàgì, wọ́n sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá mọ ilé. Ìyá kan tí a ò mọ̀ rí ti wá ra iṣu méjì lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó sì fi gbogbo ọ̀sán rà á. Gbogbo wa mọ ohun tó wá ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ kí i pé kó kú iṣẹ́.

A lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n fa díẹ̀ lára kókó náà. Ọ̀sẹ̀ tá a fi dúró de èsì àyẹ̀wò, kò rí bí ọ̀sẹ̀. Àwọn káṣù ti ń rú òdòdó, òórùn wọn dùn, ó sì ń mú oorun wá. Mo máa ń bá ìyàwó wa lẹ́yìnkùlé, á na ata sórí ẹní, á dúró, á gbàgbé ohun tó kàn. Mo dà á láàmú bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀ mọ́, mo ní màá lọ fẹ́ ìyàwó kékeré. Á ní, "Ẹ fẹ́ ẹ, ọkọ mi, kó wá máa gbé yín." Nígbà mìíràn á máa wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá ń kọjá, á wo àyà rẹ̀, á tètè mójú kúrò.

Èsì dé. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní kò tíì rìn jìnnà, ó ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn oògùn á sì tẹ̀ lé e, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà. Nígbà tá a délé, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Wọ́n mú àdá, wọ́n jáde, wọ́n sì ṣán gbogbo koríko tó yí ilé ká, títí kan ewé efinrin ìyá mi tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi ni mo lọ bá. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ wọn ń ṣe é fúnra rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí.

"Màmá, kí ló pa ìyá ìyàwó wa?"

Wọn ò gbójú sókè. "Ọmú," wọ́n ní, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lórí àpótí, àpótí náà ò sì ṣètò fún irú ìṣubú bẹ́ẹ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ṣe ìwádìí nígbà náà? Ìwọ ni?"

Wọ́n da èèpo ẹ̀gúsí nù lórí itan, wọ́n ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Mo dé Ìpè, aládùúgbò wọn kan ti sọ fún mi kí n tó bèèrè. Mo ní kí n fojú ara mi rí i. Mo yà síbẹ̀, mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ìyá náà ló bu omi fún mi. Ọ̀tún nìkan ló fi gbé e, ó fi òsì di aṣọ mọ́ àyà. Mo gbọ́ òórùn egbò náà. Ọmọ náà wá jáde, ó mú ìyá rẹ̀ wọlé lọ, ó ń pààrọ̀ aṣọ fún un lẹ́yìn ògiri. Mo wá ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Ó ń fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá ń fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní nínú mi pé, ẹni tó lè mú ẹni tára ń ro rẹ́rìn-ín báyìí, òun ni mo fẹ́ nílé mi tí mo bá darúgbó."

"Kí lẹ wá sọ nílé?"

"Mo ní ilé wọn mọ́ tónítóní."

"Ẹ ò sì sọ fún un pé ẹ mọ̀, láti ìgbà yìí wá?"

"Kó lè máa rò pé àánú ni mo fi gbà á? Ìyàwó tí wọ́n fi àánú gbà kì í jẹun yó." Wọ́n tún mú ẹ̀gúsí. "Ó ń pa á mọ́ fún mi, èmi náà ń pa á mọ́ fún un. A ń gbé."

Mo wá sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa àwọn ọmọ. Ọwọ́ ìyá mi dúró.

"Àwọn ọmọ wa?"

"Àwọn ọmọ wa ni, Màmá."

Wọ́n dìde. Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀, wọn ò wò ó.

Ìyàwó wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú ata. Ọmọ rẹ̀ àgbà wà nínú ilé, ó ti Ìkàrẹ́ dé láti wá wo ìyá rẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kan lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá mi jókòó ti ìyàwó wọn.

"Ìyàwó mi."

"Ẹ̀yin ìyá mi."

"Omi tí ìyá ẹ bù fún mi ní Ìpè, nígbà tára ń ro ó, tó fi ọwọ́ kan gbé e. Ó tutù, ó dùn. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ rí."

Ata bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó wa. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó tún wò wọ́n.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ojú mi ni."

"Ìgbà wo?"

"Kí o tó mọ ọ̀nà ilé yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì fi ọwọ́ tó fi ń ṣa ata nu ojú. Ẹ ò gbọ́ igbe! Èmi sáré bu omi, ìyá mi ń fẹ́ ẹ lójú, òun ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kú sí i!" Ìgbà tí ata náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó wí jẹ́jẹ́:

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ògbàgì gbé e tán ná. Tó bá ti délé ọkọ, màá sọ fún un."

"Kó wá gbọ́ ọ níbẹ̀, kó tún máa pa á mọ́ fún ìyá ọkọ tirẹ̀?" ìyá mi ní. "Mélòó la fẹ́ sin pẹ̀lú lọ́fínńdà?"

Áyọ́ọ̀nù ti dákẹ́ nínú ilé. Ọmọ náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ìyàwó wa wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ pupa bí ata tó ń ṣa. Mo rò pé á tún ní kò sí.

"Ohun tó ń ṣe mí yìí," ó ní, "òun ló pa ìyá mi. Kì í ṣe ibà."

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo àyà ara rẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú lójijì. "Ṣé bó ṣe máa rí fún èmi náà nìyẹn?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo sọ fún un bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́, pé ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe àlejò, pé a kàn ní láti jókòó ti ilẹ̀kùn náà ni, òun àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ó gbọ́.

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

"Fún ta?" ìyá rẹ̀ ti mọ̀, ó kàn bèèrè ni. "Tó bá sá lọ ńkọ́?"

"Kó máa sá," ìyá mi ní. "Ẹni tó bá ń sá fún òkú, kí ló fẹ́ fi alààyè ṣe?"

Ó sọ fún un. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ọmọkùnrin náà kò sá. Ó ń pè é lójoojúmọ́, á sì bèèrè ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà Ògbàgì ló dákẹ́. Wọn ò wá, wọn ò ní àwọn ò wá. Ìyàwó wa máa ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn nígbà mìíràn, mo máa ń rí i lójú rẹ̀, mo sì máa ń wá nǹkan yẹ̀yẹ́ sọ, n kò sì rí i nígbà gbogbo.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tójú ọgbẹ́ ń jinná, a padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa ní Ìkàrẹ́, àwa àti àwọn ọmọ méjèèjì, gbogbo wa kún yàrá kékeré yẹn, èmi nìkan sì gba ìdajì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ibi tí wọ́n rán, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó.

"Màmá, ẹ dákun, mo fẹ́ tún bi yín ní ìbéèrè ọjọ́sí."

Mo ti ń dìde láti jáde.

"Ẹ jókòó, ọkọ mi." Kò fi agbára di aṣọ mi mú lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ìyá mi ni. Ọmú òsì, bíi tèmi. Kò tíì dàgbà tó mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀. A pa á mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó sọ ìgbà tí àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò àti bó ṣe máa lọ. Ohun tó nílò tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ò dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó sọ gbólóhùn méjì nípa ìyá rẹ̀ tẹ̀ léra wọn. Mo ti rò pé bí ó ṣe rí nìyẹn, pé àwọn èèyàn wà tí kì í rántí.

"Ó ga," ó ní. "Tó bá wọ ilé, ó máa ń tẹrí ba fún àtẹ́rígbà, á sì kí i. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ̀ ọ́n kọ, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù. Ó máa ń fi iyọ̀ jẹ máńgòrò tútù. Ó máa ń bẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá rí ọ̀pọ̀lọ́ kan báyìí, á gun orí odó, á máa ké pe bàbá mi, bàbá mi á sì wá, á ní, 'Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n lé?'"

"Ó ga bíi tèmi?" ọmọ rẹ̀ kékeré bèèrè.

"Ìwọ náà ni. Ìrìn yẹn gan-an. Mo máa ń wò ẹ́, n kì í lè sọ ọ́."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ohùn Ìpè ló fi ń sọ ọ́, ohùn ọmọdébìnrin, ojú rẹ̀ sì wà níbi kan tí a ò lè bá a dé. Àwọn ọmọ sún mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé, eruku ń jó nínú rẹ̀.

Níta, bẹ́ǹṣì ti ń kùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ ti tẹ́ ẹní ni?" ẹnì kan pariwo. "Ebi ń pa wá o!"

Nọ́ọ̀sì dìde, ó yọ orí síta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀," ó ní. "Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìpè dé ni."

Ó padà wá, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa.

"Ẹ ní orí odó ló máa ń gùn?"